Ìyàwó Onítáyà àti Sáláàdì Bíò

Ẹ sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó. Ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. N ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta táyà lẹ́bàá ọjà Katako ní Niamey, àbí? Èyí tí yàrá wọn kọjú sí tèmi? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ò gbọ́ orúkọ lẹ́nu mi o.

Ìyàwó rẹ̀ ló jí lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, tó ní òun ò ní jẹ ohunkóhun tí iná bá kàn mọ́. Mo ní ṣé ààwẹ̀ ni? Ó ní rárá, obìnrin kan ló sọ nínú fóònù pé iná ń pa agbára inú oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, ewé tútù láàárọ̀, èso lọ́sàn-án, kárọ́ọ̀tì lálẹ́. Wọ́n da ojú ìkòkò dé. Ọkọ ò bá a jà. Ó kàn ń tètè jáde lówùúrọ̀ ni, èmi tí mo sì ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rí i pé ọ̀dọ̀ oníwáàké ló ń gbà lọ.

Àsìkò tó mú dára ṣá. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá ń mú ní Niamey, etí Odò Ọya á tutù yọ̀yọ̀: sáláàdì, kábéèjì, tòmátì. Owó rẹ̀ kì í ga nígbà náà. Èso ló le. Ní oṣù keje ọdún 2023 tí àwọn ológun gbàjọba, tí ẹnubodè Gaya àti Malanville, láàárín Niger àti Bẹ̀nẹ̀, sì dì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń ti Bẹ̀nẹ̀ wá di ohun tí à ń kí bí àlejò.

Ó wá ní kó tutù nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ “bíò”: wọn ò gbọdọ̀ fín oògùn kòkòrò sí i, wọn ò sì gbọdọ̀ da ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Níbẹ̀ yẹn, n ò dá a lẹ́bi. Oògùn kòkòrò wà lọ́jà tó jẹ́ pé èdè tí wọ́n kọ sí ìdí igò rẹ̀, olóko ò lè kà á. Òmíràn á fín in lónìí, á já ewé náà lọ́la.

Bí ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn, “Madame, bio! Bio!” Ìdì sáláàdì kan, dala ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi dala yìí ná. Ní Niger, séfà márùn-ún ni dala kan. Nígbà tí ìyàwó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ìyá kan lọ́jà ní dala ogún ni tòmátì òun, ìyàwó wa figbe ta: “Ogún dọ́là! Ṣé wúrà ni?” Ọgọ́rùn-ún séfà péré ni. Ọjà dá dúró, gbogbo ènìyàn ń wò wá. Ojú tì mí dé ìpàkọ́. Èèyàn tó pariwo lórí ọgọ́rùn-ún ọjọ́sí ló wá ń ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé ọmọ oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ láìná an, nígbà tí owó kan náà á ra ìdì mẹ́ta ní ọjà Petit Marché.

Mo bá a sọ ọ́, mo ní ṣé oúnjẹ tútù yìí tó ohun tí à ń náwó bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní ṣé n ò mọ àwọn àgùnfọn Kouré ni, tí wọn kò ju nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà lọ sí wa? Ó ní ní ọdún 1996, 49 péré ló kù nínú wọn. Wọ́n ti lé ní 600 báyìí, kò sì sí èyí tó ń dáná nínú wọn. Mo dákẹ́. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó bi àgùnfọn léèrè ààrò rí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Plateau ni mo rí èsì ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ń gba àfonífojì Gountou Yéna kọjá, ta ni mo rí? Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ wa. Ó ń bu omi tó ń ṣàn gba ibẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ìwẹ̀, àti omi tí n ò ní dárúkọ torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun lọ́wọ́, ó ń wọ́n ọn sórí sáláàdì. Ìgbẹ́ màlúù tútù ló tẹ́ sídìí rẹ̀. Ọmọ náà ò sì purọ́ o! Kò fín ohunkóhun. Bíò paraku ni.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú. Mo pa á mọ́ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà agboolé. Àmọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó onítáyà, inú ti ń run ún láti òwúrọ̀, kẹ́tùlù ìyàgbẹ́ ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ìkẹyìn ló bá wa là á yé e. Ó ní oògùn kòkòrò mìíràn máa ń rọra kó jọ sára ni. Kòkòrò inú ìgbẹ́ lè má dúró dọ̀la. Ó ní kí á máa rẹ ewé sínú omi mímọ́ tí a kán Javel, ìyẹn bílíìṣì, sí, kí á tún fi omi mímọ́ ṣàn án. Ṣùgbọ́n Javel ò lè kó gbogbo oògùn tí wọ́n fín kúrò lára ewé. Ọmọ àbúrò mi ní Houston tún fi kún un lórí WhatsApp: òfin bíò Amẹ́ríkà ní tí ẹ bá da ìgbẹ́ tútù síbi ohun tí ara rẹ̀ ń kan ilẹ̀, ọgọ́fà ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó kórè rẹ̀. Oṣù mẹ́rin! Sáláàdì tiwa kì í pé oṣù méjì nínú oko. Bíò ọmọkùnrin yẹn ò lè sọdá ẹnubodè Amẹ́ríkà.

Ìgbà náà ni mo wá dá ìyàwó onítáyà lóhùn ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Mo ní orí igi ni àgùnfọn ti ń jẹ tiẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ sí sáláàdì olómi gọ́tà.

Ara rẹ̀ ti yá. Ó ṣì ń jẹ tútù, àmọ́ ohun tó ṣeé bó ló ń rà: àlùbọ́sà Galmi, kárọ́ọ̀tì, kankana, àti máńgòrò nígbà tí oòrùn oṣù kẹrin bá dé. Kò ra èyí tí wọ́n ń pè ní bíò mọ́, ìnáwó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ní ti móríńgà tí àwọn Zarma ń bọ̀, tí wọ́n ń fi kúlíkúlí pò, tí wọ́n ń pè ní kopto, ó ní òun ò ní jẹ ẹ́ láéláé torí iná ti kàn án. Lánàá, mo rí ewé rẹ̀ kan láàárín eyín rẹ̀. N ò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ tútù nílùú yìí, tówó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó bi olóko bóyá ó fín oògùn, ẹ bi í pé níbo ló ti ń pọnmi.