Máníjà Ìsọ̀ Gààrí

Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí bẹ̀bẹ̀ pé kí a má dárúkọ òun. Ẹ̀bẹ̀ náà kò ṣòro gbà, torí òun náà ló ń kọ ọ́. Àwọn ìyá tó ń tajà lọ́jà Òmù-Àrán ti sọ ọ́ lórúkọ kan lọ́dún 2013, orúkọ ọ̀hún la ó sì máa lò níbí: Máníjà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé oyè ni. Ẹ ní sùúrù.

Ọmọ Ìgbómìnà ni Máníjà, tìyá tìbaba. Àwọn àgbà a máa sọ pé inú "ògbó mọ̀nà" ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde, pé ògbó, àdá tí wọ́n gbé wá láti ilé, ló ń ṣíwájú àwọn baba ńlá wọn nínú igbó, tó ń fi ibi tí wọn ó tẹ̀dó sí hàn wọ́n. Ògbó mọ̀nà lóòótọ́. Ọmọ ọmọ ẹni tó tẹ̀lé e ni kò mọ kíláàsì. Nígbà tó wọ ọ̀kan nínú àwọn pólì tó wà nítòsí láti kọ́ ìṣàkóso òwò, èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Biz Admin, ó rí ìwé kan lára ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ "Admin" sí, ló bá wọlé, ó jókòó síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó síbẹ̀. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ló kọ kún, gbogbo rẹ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀, ó sì ń yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ òwò kò tíì délẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ ló tó mọ̀ pé Public Administration ni. Ohun tó dùn mí jù, ẹ jọ̀ọ́, tó dùn ún jù, ni pé òun ló ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ kíláàsì náà nígbà tí ìwé ò bá yé wọn.

Táì ló gbé e dé ìdí ẹ̀kọ́ òwò yìí. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Ílọrin, tó máa ń fi táì sọ́rùn wálé lọ́dún Kérésì, táwọn èèyàn á sì ti máa pè é lọ́gàá kó tó sọ̀ nínú mọ́tò. Ilé-ẹ̀kọ́ kò wọ́n wa ní Kwara: pólì ìjọba ìpínlẹ̀ ti wà n'Ílọrin láti 1973, tìjọba àpapọ̀ dé Ọ̀fà ní 1992, Yunifásítì Landmark sì ṣílẹ̀kùn ní Òmù-Àrán gan-an lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n aládàáni ni Landmark, ìdí gààrí ìyá rẹ̀ sì ni owó ìwé Máníjà ti ń wá, pólì ló bá ọ̀rọ̀ mu. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba ìwé-ẹ̀rí ND níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ níta, èyí tí wọ́n ń pè ní SIWES. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì bẹ́ẹ̀, community college ni tiwọn ń jẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú ti ìjọba níbẹ̀ ni ti Joliet ní Illinois, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1901. Bóyá àwọn náà ní irú Máníjà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ló kọ́kọ́ fojú ẹ̀ rí màbo. Àlùfáà kan ní Ítálì, Luca Pacioli, ló tẹ ọ̀nà náà sínú ìwé ní Venice lọ́dún 1494: owó tó bá jáde níbì kan gbọ́dọ̀ wọlé síbòmíràn, kí apá òsì àti apá ọ̀tún lè dọ́gba. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn náà, apá méjèèjì kọ̀, wọn ò dọ́gba fún Máníjà: ₦450 ló là wọ́n láàárín. Ó wá a títí ó fi sú u. Ló bá rántí pé olùkọ́ ní èèyàn lè gbé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú suspense account fúngbà díẹ̀, títí àṣìṣe á fi jáde. Ó gbé e síbẹ̀. Nǹkan náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà ìsinmi, tí ìyá rẹ̀ ka owó ọjà tó ní ₦300 kò pé, ó tẹ́ ìwé síwájú ẹ̀, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá mi. Ó wà lọ́dọ̀ suspense account."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé àdúgbò yìí ló ń gbé?"

Àdúgbò yẹn ló ń gbé. Ó ti fi ₦300 ra búrẹ́dì àti àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìsinmi yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Ó ti ka nípa Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà tó gbé ìwé jáde lórí ìṣàkóso iṣẹ́ lọ́dún 1911, tó máa ń fi aago ṣọ́ bí òṣìṣẹ́ ti ń pẹ́ tó lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan. Máníjà gbé fóònù jáde nísọ̀. Obìnrin kan wá ra gààrí kóńgò kan. Ó béèrè ilé, ìyá rẹ̀ béèrè ọkọ. Wọ́n kíra kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n sọ ti ọmọ tó ń ṣàìsàn n'Ígbàjà, wọ́n sọ ti òjò. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóńgò. Máníjà kọ ọ́ sílẹ̀: àsìkò tó ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èènì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nídìí ọjà mọ̀ ọ́n: bí ọlọ́jà bá bu gààrí kún kóńgò tán, tó ti ga bí òkìtì ọ̀gán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, pé kí oníbàárà fi ṣèènì. Máníjà ṣírò ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méjìlá, kóńgò kan. Bí ìyá rẹ̀ bá ta ọgọ́ta kóńgò lọ́jọ́ ọjà, kóńgò márùn-ún ló ti fi ṣe sàráà yẹn. Kò tíì ka òkìtì orí kóńgò mọ́ ọn o.

Ọjọ́ ọjà kan, ìyá rẹ̀ lọ síbi òkú kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó fi ìsọ̀ síkàáwọ́ ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé. Bí ìyá ti ń yí ẹ̀yìn padà ni Máníjà fa rúlà yọ, ọlọ́gbọ̀n sẹ̀ǹtímítà tó fi ń fa ìlà sínú ìwé ìṣirò. Oníbàárà àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bí Máníjà. Máníjà bu gààrí kún kóńgò, ó gbé rúlà lé etí kan, ó fà á dé etí kejì, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń fárí ọmọ ìkókó. Òkìtì wó padà sínú ọpọ́n. Orí kóńgò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá àgbà wo kóńgò, ó wo rúlà, ó wá wo ojú Máníjà.

"Ọmọ mi, kí ni gààrí náà fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ó péye báyìí ni, mà."

"Ó dáa. Èènì ńkọ́?"

"A ti fagi lé èènì, mà. Ó ń jẹ èrè."

Ìyá àgbà da gààrí padà sínú ọpọ́n, ó gbọn àpò rẹ̀ pẹ́pẹ́ kí horo kan má bàa bá a lọ, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé, "Máníjà ló ń tà lónìí o." Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Kóńgò mẹ́rin péré ló tà títí ọjà fi tú, èrò ọ̀nà ló sì ra méjì nínú ẹ̀.

Ẹni tó lọ́pọlọ á dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alájọ dé. Káàdì àjọ ní ojú 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù ni ti ẹni tó dá a. Ó yàtọ̀ sí èsúsú, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń kó o níkọ̀ọ̀kan, èyí tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tìtorí ẹ̀ kọ̀wé lọ́dún 1952. Máníjà tẹ fóònù: ọ̀kan nínú 31, ó lé ní náírà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, lórí owó ara ẹni! Ó sọ ọ́ lójú alájọ pé báńkì a máa fi èlé lé owó èèyàn ni, kì í yọ níbẹ̀.

"Bùrọ̀dá," ni alájọ wí, ó ṣì ń fàmì sí káàdì, "ṣé báńkì á máa wá bá Màmá nídìí gààrí lójoojúmọ́ nítorí igba náírà?" Ó yíjú sí ìyá. "Màmá, ọmọ yín mọ̀wé o." Ìyá wolẹ̀. Ní Òmù-Àrán, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Gbogbo èyí kò tó ti Ẹ̀sìẹ́. Ẹ̀kọ́ kan wà lórí dídá òwò sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ètò òwò kan kalẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ tiwọn, wọ́n gba máàkì, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Máníjà ní òun máa ṣe tòun. Ẹ̀sìẹ́ ló mú, níjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà pẹ̀lú Òmù-Àrán, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ère òkúta ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n gbẹ́ irun dídì sí wọn lórí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Lọ́dún 1933 ni Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọ CMS, ròyìn wọn fáyé, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n di òkúta. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Máníjà ti kó àwọn ọmọ débẹ̀ rí. Ilé-ìwé mẹ́ta ló pàdé lọ́jọ́ náà, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Látorí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló ti ṣírò oníbàárà: 300 lójúmọ́.

Ó fi owó ìwé ra àpò omi inú ọ̀rá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọ̀rá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá 300, kò lé, kò dín. Ó háyà mọ́tò. Ó so táì mọ́rùn.

Ìparí oṣù Keje ni. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, òjò sì ti ṣú láti àárọ̀. Nígbà tó máa fi dé, ó ti ń rọ̀ kíkankíkan. Tọkọtaya kan wá lọ́sàn-án, wọ́n gbé omi tiwọn sínú kúlà. Nígbà tí òjò lé Máníjà wọlé, ó jókòó síwájú àwọn ère. Kò tíì rí ibi tí èrò pọ̀ tó báyẹn rí, tí gbogbo wọn fara balẹ̀, tí òùngbẹ ò sì gbẹ ẹnì kan. Obìnrin kan láàárín wọn ń wò ó bí ìyá àgbà ṣe wò ó lọ́jọ́ rúlà. Ọ̀rá méjì ló tà. Òun fúnra rẹ̀ mu mẹ́ta.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó ka àwọn àpò náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ nínú mọ́tò, ó ní kí wọ́n tò ó sẹ́bàá ògiri. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, òjò dá, oòrùn mú. Gbogbo ẹni tó ra gààrí gba òkìtì rẹ̀, ó gba ẹ̀kúnwọ́, ìyá tún ń fi ọ̀rá omi kan lé e. Gààrí tán kó tó di ọ̀sán. Máníjà dúró lẹ́yìn, ó ń kọ iye ọ̀rá tó jáde sábẹ́ àdánù.

"Máníjà, gbé kan fún ìyá àgbà."

Ó gbé e lọ. Ìyá àgbà fọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀rá náà wò, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wo ibi tí omi dé nínú ẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fi rúlà fá eléyìí?"