Ẹ̀ṣọ́ Tó Ju Owó Ọkọ̀ Lọ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà ni àwọn àgbà ń sọ. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á sí ẹrù.

Èèyàn rí tíkẹ́ẹ̀tì Stansted sí Dublin ní pọ́ùn 15, ó rà á lóru, inú rẹ̀ dùn pé òun ti rẹ́ oníbàálù jẹ. Àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò ló wá di agbádá aṣọ-òkè, ìró méjì, bàtà mẹ́ta. Ìgbéyàwó ọjọ́ kan péré ló ń lọ.

Iléeṣẹ́ bàálù Ryanair mọ òwe ẹ̀ṣọ́ yìí ju àwa tó ni ín lọ. Àpò kékeré kan tó wọ abẹ́ ìjókòó, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 30 sí 20, ló wà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, owó ni. Bí wọ́n bá sì mú un lẹ́nu ọ̀nà bàálù, ó lè tó yúrò 75. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún wọn ni kì í ṣe ti tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ní 2009, Michael O'Leary tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ pé àwọn ń ronú àtimáa gbowó ilé ìtọ̀ inú bàálù. Wọn ò ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2025, yúrò 2.50 ni òṣìṣẹ́ ń gbà lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá mú. Ẹ̀rín tó ń rín bí ẹ ṣe ń ki àpò yín bọ inú àpótí ìwọ̀n yẹn, ẹ má pè é ní ìfẹ́ o.

Ọgbọ́n tí àwọn ará wa dá ni pé kí wọ́n wọ gbogbo rẹ̀ sọ́rùn. Nínú ooru oṣù kẹjọ, ìyá ìyàwó wọ kóòtù méjì lé bùbá, sálúbàtà ń yọ lápò, ó ń làágùn bí ẹni ń gúnyán. Gèlè nìkan ni mo fara mọ́: ẹ wé e láti ilé, kò sẹ́ni tó ń wọn orí.

Ẹni tó fi gbogbo òru di ẹrù sì lè gbàgbé láti ṣe check-in lórí fóònù. Pọ́ùn 55 nìyẹn ní pápákọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó gbà pé ìwé ìgbélùú Britain tó fún Dublin, kò ní wọ bàálù rárá: Ireland ní físà tiẹ̀. Kódà bí físà bá wà, ẹ̀yin onípáásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé, ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé wò, kí ẹ tó lọ síbi àyẹ̀wò ẹrù.

Ní ti agbádá, àbúrò yín tó wà ní Dublin ní mẹ́rin nínú wọ́dúróòbù. Ẹ yá ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò ní ṣe é, mo mọ̀.