Igbá Oníke

Níbi ìdána kan ní Ọ̀fàdà, igbá ìyàwó tí wọ́n gbé jáde, ike ni. Ìbàfò ni wọ́n ti háyà rẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ ọnà sí i lára, wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún. Alága ìjókòó gbé e sókè, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo: "Àṣà wa ò ní parun o!" A ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, nítorí obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbowó lọ́wọ́ mi. Ìrẹsì ọ̀fàdà wá dé nínú abọ́ ike tí wọ́n ya ewé sí nídìí. Ewé gidi wà lẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni igbá fínfín ìyá àgbà wà, tẹja tẹyẹ lára rẹ̀. Eérú ni wọ́n fi ń kó.

Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pánkara káyé tó bá a fi kólẹ̀. Ojú tí a bá fi wo nǹkan wa, òun layé ń bá wa fi wò ó. Irọ́! Àwa pè é ní pánkara, àwa nìkan la sì ń fi kólẹ̀. Ayé kọ̀, kò bá wa dá sí i. Ayé gbé e sínú gíláàsì, ó tanná sí i lórí, ó fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Abọ́ kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà ní Smithsonian ní Washington: orí kan ń yí gbirigbiri láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ yí i ká, kò sì ṣeé yọ jáde, nítorí inú igi kan náà ló ti gbẹ́ gbogbo wọn.

Ọlọ́wẹ̀ yìí náà ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n pàtẹ ní Wembley, ní London, ní 1924. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní òun ò tà. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe àga ọba fún òun ní ìlú wọn. Wọ́n ṣe é. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò. Àwọn kan ń fi kábíyèsí ṣẹ̀sín lórí pàṣípààrọ̀ yìí. Ẹ dákun, ẹ fi bàbá sílẹ̀! Ó rí àga gbà, ilé rẹ̀ ò sì wà láìnílẹ̀kùn. Àwa ńkọ́, tó jẹ́ pé àwa la tún ń sanwó lé e kí wọ́n tó fún wa ní ike?

Bí ọmọ wa bá ní òun fẹ́ rí ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, kó má mikàn. British Museum kì í gbowó ìwọlé. Físà nìkan ni kó lọ wá.