Tíì Ló Jí Mi

Ìjọ wa rán wa lọ sí ilẹ̀ Niger láti tọ́jú aláìsàn àti láti wàásù. Oògùn ibà àti awò ìkàwé ni ìjọ kó fún wa. Ìyókù ẹrù tó kún bọ́ọ̀sì, tiwa ni: gàárì, ẹ̀lùbọ́, epo pupa, panla, ata gígún. Tèmi ló pọ̀ jù. Mo ti fi gbogbo ẹnu jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ pé mo yọ̀ǹda ara mi fún Olúwa, n kò kàn fi ti ikùn kún un ni. Irú nìkan, ọ̀rá mẹ́ta ni mo fi dì í kó má baà rùn. Nígbà tí a dé bodè Illela, ọ̀kan nínú àwọn asọ́bodè tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wo ọkùnrin tó ru dàdáwà, bí wọ́n ṣe ń pe irú, láti Ìbàdàn wá sílẹ̀ Haúsá. Ó ní ìyàwó òun ló ń tà á.

Abúlé tí a ń lọ kò jìnnà sí ọ̀nà tó ti Birnin Konni lọ sí Madaoua, ní agbègbè àlùbọ́sà Galmi tí wọ́n ń kó dé Accra àti Abidjan. Ní Galmi gan-an ni ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì SIM ṣí ní 1950 wà, àwọn aláìsàn a sì máa ti Nàìjíríà pàápàá wá síbẹ̀. Olórí ikọ̀ wa, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, ló ń sọ ìtàn SIM fún wa nínú ọkọ̀: bí Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham ṣe gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, tí Gowans àti Kent sì kú kí 1894 tó parí. Omi bọ́ lójú mi. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi pé èmi náà ṣe tán láti kú lórí pápá. Kò sẹ́ni tó ní kí n kú. Adìyẹ ni wọ́n ní kí n lọ rà wá.

Mo gbọ́ Haúsá, Haúsá Sábó. Òun ló kó bá mi. Obìnrin tó ń ta adìyẹ wò mí, ó ní dala ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là! Adìyẹ tí àyà rẹ̀ kò kún ọwọ́! Inú bí mi. Mo bi í bóyá Amẹ́ríkà ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀. Mo bi í bóyá kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Èrò ti ń pé jọ. Mo wá rora sọ̀rọ̀ bí àgbà, mo ní mo máa san ogún dala, bí kò bá gbà á, kó gbé adìyẹ rẹ̀. Ọjà dákẹ́ lọ fẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka owó ní Haúsá, sẹ́fà márùn-ún ló ń jẹ́ dala kan. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ sẹ́fà ni obìnrin yẹn pè, iye tí gbogbo ayé ń rà á. Ogún tí èmi sì fi ń yangàn, ọgọ́rùn-ún sẹ́fà péré ni. Ọmọ kékeré kan tó ń da ewúrẹ́ kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tó fi igi ṣe ìṣirò náà fún mi lórí iyanrìn, tó ń wò mí lójú ní ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti yé mi. Mo san owó náà pé, mo tún fi nǹkan lé e kójú má baà tì mí mọ́. Obìnrin náà dá èyí tó lé padà.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí tábìlì orúkọ ni wọ́n fi mí sí. Mọ̀mí ní n kò lè ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀. Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni màá kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì, orúkọ ọkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ tó bá gbé dání àti ohun tó ń ṣe é. Obìnrin àkọ́kọ́ jókòó, ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ní, orúkọ ọkọ ńkọ́? Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ìbòrí bo ẹnu. Mo gbé ohùn sókè, ó tẹrí ba. Mo kọ ọ́ sórí káàdì: etí. Mo ní ó dáa, ọmọ ńkọ́? Ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún lójú ọ̀nà. Mo fi kún un: ìgbàgbé. Obìnrin kejì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé káàdì, mo sáré lọ bá Mọ̀mí pé àrùn kan mà ti wọ abúlé yìí o, obìnrin nìkan ló sì ń mú. Òun pẹ̀lú ti ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ etí kan tó mọ́ tónítóní wò.

Ó gba káàdì, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ni ìyàwó rẹ ń pe àbúrò rẹ?"

"Akọ̀wé ni, Mọ̀mí."

"Akọ̀wé ni wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ?"

Rárá o. Àbúrò mi kò tilẹ̀ yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìyàwó mi kàn kò lè pè é lórúkọ ni, torí ó bá a nílé ọkọ. Àwọn obìnrin Haúsá wọ̀nyí náà kì í dárúkọ ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dárúkọ àkọ́bí wọn. Ìtìjú ni lójú tiwọn. Èmi ọmọ Yorùbá ni mo jókòó tí mò ń kọ àrùn sí i. Wọ́n wá fi ìyá àgbà kan tì mí. Òun ló ń bá mi dárúkọ ọkọ oníkálùkù, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ kún un tí kò sáyè rẹ̀ lórí káàdì rárá.

Kò yẹ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ tíì, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, Mọ̀mí yóò sọ ọ́.

Tíì àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe ti àwa tí a ń pe Milo ní tíì. Ewé tíì aláwọ̀ ewé láti ilẹ̀ Ṣáínà ni, wọ́n á sè é lórí ẹyín iná nínú kétù kékeré, wọ́n á máa dà á láti òkè sínú ife títí yóò fi hó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é: ti àkọ́kọ́ korò, èkejì rọ̀ díẹ̀, ẹ̀kẹta dùn. Ife kò pọ̀, ó ń yí ká ni. Mo ti gbọ́ pé ẹni tó bá kọ tíì ti kọ onílé. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ife àkọ́kọ́ yẹn bá dé iwájú mi, mo ń gbé e mì. Bí ẹnìkan nínú ikọ̀ wa bá ní òun kò fẹ́, mo ń bá a mu tirẹ̀, kójú má baà ti Olúwa.

Oṣù kẹrin ni, ooru ń jó ènìyàn bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú, ìta gbangba ni gbogbo abúlé ń sùn. Oorun kọ̀ mí. Àyà mi ń lù kìkì. Ọ̀rọ̀ Bíbélì tí mo ti gbàgbé láti ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ń wọlé wá fúnra rẹ̀. Mo bá jí Mọ̀mí.

"Mọ̀mí, ẹ dìde. Ẹrù àdúrà ti já lé mi."

"Aago mélòó ló lù?"

"Aago kan àbọ̀ ni, Mọ̀mí."

A kò rántí pé kì í ṣe Ìbàdàn la wà. A pàtẹ́wọ́, a fẹsẹ̀ janlẹ̀, a gbé ohùn sókè. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ abúlé, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ajá náà bọ́ sí i. Nígbà tí mo máa lajú, Mài Ùngúwà, baálé àdúgbò, ló dúró níwájú mi tòun ti ọ̀pá, àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, ta ló kú?

Pásítọ̀ tó gbà wá lálejò sáré jáde, ó ń so ṣòkòtò, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní àdúrà ni. Bàbá ní òun náà ń gbàdúrà, kò sì sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dá sí i rí. Ó wá tan iná sí mi lójú, ó wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Ó béèrè iye ife tíì tí mo mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á, mo ka ọwọ́ kan tán, mo mú èkejì. Bàbá kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá fúrá wá fún mi kí n sùn.

Ní alẹ́ kejì, ife àkọ́kọ́ kọjá níwájú mi, èkejì náà kọjá. Ẹ̀kẹta tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ni Pásítọ̀ fi lé mi lọ́wọ́. Mọ̀mí gbà á, ó da ìlàjì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá ìyókù padà fún mi.