Alùpùpù Ọ̀gá àti Ayímátùú

Kò sí ohun tí í mú ọkùnrin gbójú lé ara rẹ̀ tó àpò sípánà tuntun; nítorí bí epo bá ti ń sun lára ṣọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù rẹ̀, tí mẹkáníìkì sì dárúkọ owó iṣẹ́, kíá ni yóò ká ṣòkòtò, tí yóò sì dojú kọ ọ́ bí ọdẹ tó rí ẹfọ̀n.

Rọ́bà róbótó tó ń sé epo mọ́nú ni ó fẹ́ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó tó o, bóòtù kan wà nísàlẹ̀, Ayímátùú ọmọ ọ̀dájú, tí ń bá sípánà yí lọ, tí ń bá a yí bọ̀, tí kì í tú, nítorí ọ̀pá tó dè mọ́ nínú lọ́hùn-ún ń yí tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì ní irin gígùn tó fi ń di ọ̀pá náà mú láti òkè. Ọ̀gá tiwa ní ìbínú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà gan-an ni a sì wá tì nígbà tí Ayímátùú tú níkẹyìn, tí epo dúdú bo ẹ̀yìnkùlé.

Títú rọrùn ju títò lọ. Epo ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ní láti dọ́gba. Ojú ni ọ̀gá fi wọ̀n ọ́n. Ó ti sípíríǹgì wọlé, sípíríǹgì ta ìdérí padà lù ú níwájú orí, ó tún tì í, títí ohun gbogbo fi wọ̀, àfi wáṣà kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àpótí. Ìyàwó rẹ̀ mú un dání: “Baba Ìbejì, níbo lèyí ń gbé?” Ó ní ènì ni àwọn tó ṣe alùpùpù fi kún un.