Ọwọ́ Ọ̀tún Nìkan

Nélì-kọ́tà ìyàwó mi ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní Bubuashie, ní Accra, mo fọwọ́ kan ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mi, nǹkan sì gún mi níka. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì, irin tín-ín-tín-ín ni wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn ti já, wọ́n ta síta bí irun imú àgbàlagbà. Ẹlòmíràn á mọ̀ pé wáyà ń dágbére. Èmi mú nélì-kọ́tà, mo gé wọn kúrò, ibẹ̀ ń dán gbinrin. Mo wá lọ sọ fún Ìyá Tọ́pẹ́ pé mo ti tún máṣíìnì ṣe, pé owó mi ò tún ní í bọ́ sọ́wọ́ fítà kankan mọ́. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Ghana.

Honda CG125 ògbólógbòó ni máṣíìnì náà. Lọ́dún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, tí wọ́n dìídì ṣe é fún àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tọ́jú ohun tí wọ́n ń gùn. Àwọn ará Japan rò pé àwọn ti ro gbogbo ìyà tí èèyàn lè fi jẹ ẹ́ńjìnnì. Wọn ò tíì pàdé mi.

Lọ́jọ́ Ajé, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ iwájú ọjà Kaneshie, mo fẹ́ dúró lẹ́yìn trotro kan, bọ́ọ̀sì akérò Ghana. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Táù! Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Jíà ṣì wà nínú rẹ̀, ni máṣíìnì bá ta síwájú, ó forí sọ ìdí trotro, ó kú. Ọmọ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wo táyà mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Chale, ṣé o fẹ́ wọlé ni?"

Fítà mẹ́rin ni mo tì í kọjá kí n tó délé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Accra. Òfin tí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana ló lé àwọn òbí rẹ̀ lọ lọ́dún 1969, òun sì padà wá nígbà tó dàgbà. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí?" Mo ní, "Kò sí o, Bàbá, mo kàn ń nasẹ̀ ni." Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Bí igbá bá ní táyà méjì, títì là ń tì í.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Abossey Okai, níbi tí èèyàn ti lè ra odidi ọkọ̀ ní wẹ́wẹ́. Mi ò mú wáyà tó já dání. Onílé mi, màmá Gã kan, ti fi so ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti gbà á. Ọlọ́jà bi mí pé máṣíìnì wo ni. Mo ní Honda. Ó ní Honda wo? Mo ní pupa. Ó wò mí títí, ó lọ mú wáyà kan wá. Ilé ni mo dé tí mo rí i pé ti bíréèkì iwájú ni. Mo padà lọ.

Ìgbà tí mo ra èyí tó tọ́ tán, orí rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Nọ́ọ̀tì méjì tó wà nídìí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n la ẹnu sí ẹ̀gbẹ́; à á yí wọn títí ẹnu wọn á fi ṣe déédéé, wáyà á sì bọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Èmi ò rí ẹnu kankan. Mo tú ọwọ́ náà, mo tú díńgí, mo ti ń tú iná iwájú kí Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó nawọ́ sí i: "Dádì, nǹkan yìí lanu."

Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì ló yẹ kí wáyà gbà, èmi sì gbé e gba iwájú. Bí mo bá ń lọ tààrà, kò sí wàhálà. Bí mo bá yí háńdù sósì pẹ́nrẹ́n, fọ́ọ̀kì á na wáyà, kílọ́ọ̀ṣì á tẹ ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa han, táyà ò sì ní í yí. Ọ̀tún nìkan ni mo lè yà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Ghana pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ọdún méjì lẹ́yìn tiwa ní Nàìjíríà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tíì pa àṣẹ náà mọ́ tó mi.

Mo ya ọ̀tún, mo ya ọ̀tún, mo tún bá ara mi níwájú ìyá oní-kẹ́ńkè. Lẹ́ẹ̀kíní ó kí mi. Lẹ́ẹ̀kejì ó kàn wò mí. Lẹ́ẹ̀kẹta ó pe aládùúgbò rẹ̀ síta. Ẹnìkan ké "Okada!", mo juwọ́ sí i bí olóṣèlú. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì yípo ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà kẹta, mo rí i pé ó ti gbé àpótí ìjókòó kan sẹ́bàá títì.

Mo jókòó sórí rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó yọ wáyà nísàlẹ̀, ó gbé e gba ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, ó kán ọ́ìlì sínú rẹ̀, ó sì yí nọ́ọ̀tì títí ṣóńṣó ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì fi ní àyè bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó gba wáyà mú. Mi ò tíì mu omi inú ọ̀rá tó fún mi tán tó fi parí. Iye tó gbà, iye tí mo ra wáyà bíréèkì gẹ́lẹ́ ni.

Mo délé lálẹ́, mo ya òsì wọ ẹnu ọ̀nà wa, mo ń súfèé. Ìyá Tọ́pẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀, ó gbé nélì-kọ́tà rẹ̀ sókè sí iná.

"Bàbá Tọ́pẹ́," ó ní, "kí ló jẹ eyín nǹkan yìí?"