Ẹnu Igba, Ẹjọ́ Ẹnì Kan

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé òṣìkà yóò rí àwíjàre lọ́jọ́ kan: "Èmi kò gbọ́ tẹnu ẹnì kan o, igba èèyàn ló sọ fún mi." Lóòótọ́, igba ni wọ́n. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni gbogbo wọn, WhatsApp kan náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn, ẹnì kan ló sì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Ohùn ni wọ́n ń kà, wọn kò ka orísun. Láàfin àwọn ọba Èkìtì bí Ajerò, Alárá tàbí Aláayè, bí olùpẹ̀jọ́ kó igba mọ̀lẹ́bí wá rojọ́, wọ́n á ṣì bi í pé: ẹnì kejì dà?

Ẹ wo ìbò gómìnà Èkìtì ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 2014. Fáyóṣe ti PDP ní ìbò 203,090, Fáyẹmí ti APC ní 120,433. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Fáyóṣe ti borí, ti Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n wà nínú rẹ̀. Fáyẹmí kí i kú oríire lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú APC fi gbà pé oògùn ni wọ́n fi ṣe ìwé ìdìbò, pé ìka tí èèyàn tẹ̀ sí ìgbálẹ̀ APC pòórá, ó lọ hù sábẹ́ agboorùn PDP. INEC, àjọ ìdìbò, ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbé INEC tì ná. Ní ibùdó ìdìbò ni wọ́n ti ka ìwé lọ́jọ́ náà, ní gbangba, lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Àbí oògùn yìí mọ ìgbà tí aṣojú APC fẹ́ ṣẹ́jú ni? Olùkọ́ tí inú ń bí láti 2012 nítorí ìdánwò tí ìjọba Fáyẹmí fẹ́ fún wọn kò jìnnà. Àwọn APC wọ̀nyí kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe dìbò.

Àwọn alágboorùn náà kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ní 2017, Fáyóṣe, gómìnà ni o, ní ẹ̀rọ ni Ààrẹ Buhari fi ń mí ní London. Àwọn tirẹ̀ ṣe àmín. Buhari bá àwọn gómìnà jẹun, àwòrán jáde. Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ó padà délé. Ṣé wọ́n tọrọ àforíjì? Àwọn mìíràn wá Jibril ará Sudan jáde, wọ́n ní òun ló dé dípò Buhari. Poland ni ààrẹ ti ń ṣàlàyé ní oṣù kejìlá 2018 pé òun lòun.

Wọ́n á ní ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ kò lè jẹ́ irọ́. Ní 2022, Bísí Kọ́láwọlé, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, dupò gómìnà lábẹ́ PDP. Ẹ̀fọ̀n nìkan ló ti borí. Ẹni tó bá fi etí Ẹ̀fọ̀n ka ìbò Èkìtì, á ti búra fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ipò kẹta ló ṣe.

Wọ́n tún á ní: ṣé wọn kì í yí ìbò ní Èkìtì ni? Wọ́n ń yí i. Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìfura tó kọ̀ láti wá ẹ̀rí ni mo ń bá wí. Lónìí, ẹni tó bá bèèrè "ìwé dà?" nínú ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n á ní ìrẹsì ọ̀tá ti wọlé rẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni agbẹjọ́rò Fáyẹmí ń bi INEC lẹ́yìn ìbò 2007, fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin fi dá a láre ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2010.